Bí ẹ ṣe máa wa ọkọ̀ lórí òkè yanrìn Imperial Sand Dunes fún ìgbà àkọ́kọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, àwa àtàwọn ọ̀rẹ́ wa fẹ́ lọ sí Glamis, ní òkè yanrìn Imperial Sand Dunes ní California, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì wa ọkọ̀ lórí yanrìn rí. Kí la máa ṣe?" Ìbéèrè yìí ò yé wọlé sọ́dọ̀ mi, pàápàá tí oṣù kẹwàá bá ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí kí gbogbo yín lè rí i kà lójú kan. Ẹni tó ti wa mọ́tò lójú títì fún ogún ọdún, ọmọ iṣẹ́ ni tó bá dé orí yanrìn. Bí ẹ ṣe ń tẹ bíréèkì, bí ẹ ṣe ń yí sítíárín, bí ẹ ṣe ń wo iwájú, gbogbo rẹ̀ lẹ máa tún kọ́.

Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa rántí nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí: ẹ má ṣe sáré kọjá orí òkè tí ẹ ò tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo máa pe ATV ní ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. UTV, èyí tó ní sítíárín, tó ní ìjókòó méjì tàbí mẹ́rin, tí wọ́n fi páìpù irin yí ká bí àgò, bọ́gì ni màá pè é.

## Ibi tí ẹ máa sọ̀ sí, àti ìgbà tó dáa

Gúúsù ìlà-oòrùn California ni yanrìn yìí wà, nítòsí ààlà Arizona àti Mẹ́síkò. Ó gùn tó máìlì 40, àwọn òkè míì níbẹ̀ sì ga tó 300 ẹsẹ̀ bàtà. BLM, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, ló ń mójú tó o.

Ẹ lè gba apá àríwá wọlé, lójú ọ̀nà Highway 78, níbi tí Gecko Road àti Glamis wà. Ẹ sì lè gba apá gúúsù, lójú Interstate 8, níbi tí Buttercup àti Gordon's Well wà. Ẹ ṣọ́ra o: ilẹ̀ ńlá kan wà ní àríwá Highway 78 tí wọ́n ń pè ní North Algodones Dunes Wilderness. Mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Ẹ gba máàpù lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dáa jù. Nígbà ooru ti Amẹ́ríkà (bí oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án), ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 43°C, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ìgbà yẹn kọ́ nǹkan tuntun. Lásìkò àwọn ọjọ́ ọdún Amẹ́ríkà bíi Halloween, Thanksgiving, ọdún tuntun àti Presidents' Day, èrò ibẹ̀ máa ń pọ̀ bí ìlú ńlá. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn máa ń dùn fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máa gbádùn ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday tí òkè dá páropáro ju bẹ́ẹ̀ lọ.

## Ìwé àti òfin

1. Ìwé àṣẹ ìwọlé. Láti October 1 sí April 15, ọkọ̀ tó bá gbé yín dé ibẹ̀ lójú títì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ rà á kí ẹ tó débẹ̀, torí owó rẹ̀ máa ń wọ́n sí i tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti rà á.
2. Sítíkà ọkọ̀ eré. Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àti bọ́gì gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ bọ̀ láti ìpínlẹ̀ míì, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá California gba ìwé ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìwé àṣẹ àlejò wà fún ẹni tí wọn ò bá gba tirẹ̀.
3. Àsíá. Ọ̀pá àsíá gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀. Àsíá tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn, kó fẹ̀ tó íńṣì 6, kó gùn tó íńṣì 12, ó kéré tán, kó sì wà lókè pátápátá, kó má jìnnà sí ṣóńṣó ọ̀pá ju íńṣì 10 lọ. Àsíá ẹgbẹ́ tàbí ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yín lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kó má gba ipò rẹ̀.
4. Àṣíborí àti bẹ́líìtì. Gbogbo ẹni tó bá wà lórí ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí nínú bọ́gì gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Nínú bọ́gì, bẹ́líìtì náà pọn dandan fún gbogbo ẹni tó jókòó.
5. Àwọn ọmọdé. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 tó fẹ́ gun ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lórí ilẹ̀ ìjọba ní California gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ààbò, tàbí kó wà lábẹ́ àbójútó àgbàlagbà tó ní in. Ọmọ tí kò tíì pé 14, òbí rẹ̀ tàbí àgbàlagbà tí òbí yàn gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kó máa wò ó. Nínú bọ́gì, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá tẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ìjókòó kò tíì tó gbé.
6. Eré. Tí ẹ bá ti sún mọ́ àgọ́, èèyàn tàbí ẹran tó ẹsẹ̀ bàtà 50, eré yín ò gbọdọ̀ kọjá máìlì 15 ní wákàtí kan.
7. Ariwo. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ kọjá 96 dBA (òṣùwọ̀n ariwo). Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo dání.
8. Ọtí. Òfin tó de ọtí mímu lójú títì náà ló de orí yanrìn. Wọ́n ń mú èèyàn, wọ́n sì ń gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.
9. Ìgò. Ẹ má kó ohun mímu inú ìgò lọ. Ìgò tó bá fọ́ sínú yanrìn, ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíì ló máa wá a rí.

Ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ yanrìn náà kọjá, ọkọ̀ ojú irin ńlá tó ń kó ẹrù sì ń gbabẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ibi tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ nìkan ni kí ẹ ti dá a kọjá. Ẹ má wo ti ẹni tó ń fò ó níwájú yín.

## Ẹrù tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé

- Omi mímu, ó kéré tán lítà 4 fún ẹnì kan lóòjọ́
- Ṣọ́bìrì tó lọ́rùn gígùn
- Okùn ìfàkọ̀ tó ń fà bí rọ́bà, àti ìkọ́ onírin méjì tó lágbára
- Géèjì táyà, àti páńpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀
- Pátákó méjì tí ẹ máa kì sábẹ́ táyà tó bá rì, àti pákó pẹrẹsẹ kan fún abẹ́ jáákì
- Ìpaná kékeré tó wà níbi tí ọwọ́ yín lè tètè tó
- Awò tó bo ojú pátápátá, ìbọ̀wọ́, bàtà tó bo kókósẹ̀, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn
- Àpótí ìtọ́jú ojú ọgbẹ́
- Rédíò alátagbà, torí nẹ́tíwọ̀kì fóònù ò dúró dáadáa láàárín òkè
- Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì bọ́gì kan lápamọ́, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀
- Fíltà afẹ́fẹ́ tuntun, tàbí aṣọ tí wọ́n ń fi bo fíltà

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fíltà yẹn. Yanrìn ibẹ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun. Tí ẹ bá ń wakọ̀ tẹ̀lé ẹlòmíì fún wákàtí mẹ́ta, ẹ ṣí fíltà, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun, ẹ máa rí i fúnra yín. Èyí tí fíltà ò bá dá dúró, inú ẹ́ńjìnnì ló gbà lọ, á sì jẹ ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Alaalẹ́ ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

## Afẹ́fẹ́ táyà

Ibi tí àwọn ẹni tuntun ti máa ń ṣìṣe jù nìyí, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Táyà tó kún fọ́fọ́ á gbẹ́ yanrìn bí ṣọ́bìrì. Táyà tí ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù á tẹ́ bẹẹrẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, á sì rìn lórí yanrìn dípò kó rì.

- Jíìpù tàbí píkọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 15 sí 18 psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà tí géèjì ń kà). Tó bá ṣì ń rì, ẹ dé 12. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 10, torí ẹsẹ̀ táyà lè yọ lára rímù nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà.
- Bọ́gì àti ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ tẹ̀lé ohun tó wí. Afẹ́fẹ́ táyà ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kéré gan-an látilẹ̀, géèjì ọkọ̀ ńlá ò sì lè kà á dáadáa. Ẹ ra géèjì tó ń ka nọ́ńbà kékeré.

Àwọn tó ń lọ déédéé máa ń fi táyà tó ní ọ̀pá pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn, wọ́n á sì fi èyí tó ní ìlà tóóró síwájú kí sítíárín lè máa gbọ́ràn. Tí ẹ bá kàn fẹ́ dán an wò, táyà tó bá ọkọ̀ wá ti tó. Ẹ má tíì náwó sí i.

## Wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ má tí ì gun òkè kankan. Ẹ wá ilẹ̀ yanrìn tó tẹ́jú, kí ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí títí ara yín á fi mọ́ ọn:

1. Ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ tọ́rótù (ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ ju ti ojú títì lọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.
2. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù láì tẹ bíréèkì. Ẹ máa rí i pé yanrìn fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa dúró títí ẹ máa fi lọ sílé. Bíréèkì tí ẹ bá tẹ̀ gbọ̀ọ́ á kó yanrìn jọ síwájú táyà, ẹ ò sì ní lè tún gbéra.
3. Ẹ dúró níbi tí ilẹ̀ dà sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ kọ iwájú ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sinmi, irú ibẹ̀ ni kí ẹ máa wá.
4. Ẹ yí kọ́nà ńlá, ńlá gan-an. Kọ́nà kékeré á mú kí táyà iwájú máa yọ̀, á sì fẹ́ dà yín nù.
5. Ẹ kọ́ bí ẹ ṣe ń padà sẹ́yìn lórí ojú táyà yín láì yí sítíárín. Ẹ máa lò ó lórí òkè láìpẹ́.

Tí ẹ bá wà nínú bọ́gì, ẹ pinnu láti ìsinsìnyí pé tó bá fẹ́ dojú dé, ọwọ́ yín ò ní jáde. Ara èèyàn máa ń fẹ́ na ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ síta láti gba ọkọ̀ mú. Bọ́gì ọ̀hún wúwo ju ohun tí egungun ọwọ́ lè gbà lọ. Ẹ di sítíárín tàbí irin ìdìmú inú rẹ̀ mú, ẹ fi iṣẹ́ tó kù sílẹ̀ fún àgò irin àti bẹ́líìtì.

## Òkè

### Ẹ kọ́kọ́ mọ bí òkè ṣe rí

Afẹ́fẹ́ ló mọ òkè yanrìn. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá máa ń rọra ga sókè, yanrìn ibẹ̀ sì máa ń le díẹ̀. Apá kejì máa ń já wálẹ̀ lójijì ní nǹkan bíi 30 sí 34 digirí, yanrìn ibẹ̀ sì rọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ń gun apá tó rọra ga kò lè rí apá tó já lulẹ̀ rárá títí táyà rẹ̀ á fi dé etí.

Ibòmíì wà tó tún burú ju ìyẹn lọ. Afẹ́fẹ́ máa ń yípo, á wá gbẹ́ kòtò ńlá bí àwo ìyẹ̀fun sáàárín òkè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dà gẹ̀rẹ́ yí ká. Òkè míì sì wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ mú bí abẹ, tí ìhà méjèèjì já lulẹ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá dúró lé e, ikùn rẹ̀ nìkan ló máa fi dúró.

Afẹ́fẹ́ ò sì sinmi. Ojú ọ̀nà tí ẹ gbà lánàá lè ti di ọ̀gbun lónìí. Tí ìjì bá jà lóru, ẹ wo òkè náà bí ẹni tí kò gba ibẹ̀ rí.

### Aago méjìlá ọ̀sán

Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wakọ̀. Oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà náà, gbogbo etí òkè á ní òjìji, ẹ máa mọ ibi tó ga àti ibi tó jìn. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn wà lókè orí, òjìji á kú, gbogbo ilẹ̀ á sì dà bí aṣọ funfun kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ́.

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo ń lọ lórí ohun tí ojú mi sọ fún mi pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Mo kàn rí àsíá pupa kékeré kan níwájú mi, tó ń sáré lórí ilẹ̀ láìsí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù. Nígbà tí ọkọ̀ mi dúró, kò ju gígùn mọ́tò kan lọ láàárín èmi àti etí kòtò, ẹni tó ni àsíá yẹn sì ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ká ní ọ̀pá àsíá rẹ̀ ti ṣẹ́, orí rẹ̀ ni ǹ bá bọ́ lé. Ìdí nìyí tí mi ò fi í ṣeré pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àsíá.

### Bí ẹ ṣe máa gùn ún

1. Ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Níbo làwọn yòókù ń gbà gòkè, níbo ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀? Ẹ má gba ojú ibi tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ gòkè.
2. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yan èjìká òkè, níbi tó lọ sílẹ̀ tí ẹ ti lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.
3. Ẹ kọjú sí i gbọnrangandan. Ọkọ̀ tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá ló máa ń yí gbiri.
4. Ẹ kó eré jọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè. Láti ibẹ̀ lọ, tọ́rótù ní ìwọ̀n kan. Ẹ má pààrọ̀ jíà láàárín òkè.
5. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ orí, ẹ dín tọ́rótù kù, kí eré fi máa tán bí táyà iwájú ṣe ń kan ibẹ̀. Ẹ dúró. Ẹ wo ẹ̀yìn. Tí imú ọkọ̀ bá bo ojú yín, kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.
6. Ẹ lọ tó bá dáa. Ẹ má pẹ́ lórí ibẹ̀ o, torí ẹlòmíì lè máa bọ̀ láti apá kejì.

### Tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dé orí

Ẹ má yí i nígbà tó ti dúró. Ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ yí i lórí òkè ló máa ń dojú dé. Ẹ fi jíà ẹ̀yìn sí i, ẹ di sítíárín mú ṣinṣin, ẹ padà lórí ojú táyà yín, kí ẹ máa fọwọ́ kan bíréèkì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Lórí ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹ sún ara yín síwájú kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, kó má bàa yọrí sókè.

### Bí ẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀

Jíà kékeré, gbọnrangandan, tọ́rótù díẹ̀. Tí ìdí ọkọ̀ bá ń fẹ́ yọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ara yín máa sọ pé ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ tẹ tọ́rótù díẹ̀, kí ẹ kọ táyà iwájú sí ìsàlẹ̀, á gún padà.

## Tí ẹ bá pọ̀

Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jù ṣáájú, kí ẹni tó tẹ̀ lé e ní ìmọ̀ kẹ́yìn, kí àwọn ẹni tuntun wà láàárín. Ẹni tó ṣáájú á máa dúró níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, á sì kà wọ́n.

Tí ẹ bá pàdé àwọn ẹlòmíì, ẹ yà sí apá ọ̀tún. Ẹ máa rí i tí ẹni iwájú wọn na ìka sókè. Iye ìka yẹn ni iye ọkọ̀ tó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìka mẹ́ta, ọkọ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹni tó bá di ẹ̀ṣẹ́ ni ẹni ìkẹyìn. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí ló máa ń yọ sójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ kejì ṣì ń bọ̀.

## Tí ọkọ̀ bá rì

Gbogbo wa ni ọkọ̀ ń rì fún, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ nìyí:

1. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù lójú ẹsẹ̀. Táyà tó ń yí lójú kan ń gbẹ́ sàréè ara rẹ̀ ni.
2. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn òkè lẹ wà, kí ẹnì kan gun orí òkè lọ pẹ̀lú àsíá, kó máa jù ú. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó mú ṣọ́bìrì. Ẹni tó ń sáré bọ̀ láti apá kejì ò lè rí yín.
3. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Tí ikùn rẹ̀ bá ti jókòó lé yanrìn, ẹ kó yanrìn abẹ́ rẹ̀ kúrò ná.
4. Ẹ gbẹ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan kó dà bí ọ̀nà tó rọra ga. Ẹ̀yìn ló sábà máa ń rọrùn jù, torí ẹ ti tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ ń bọ̀.
5. Jíìpù àti píkọ́ọ̀pù: ẹ tún dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí 12 psi. Èyí nìkan ti yọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀.
6. Ẹ ki pátákó sábẹ́ táyà. Tí ẹ bá fẹ́ lo jáákì, ẹ fi pákó pẹrẹsẹ sábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ jáákì ló máa rì. Ẹ má ki ọwọ́ tàbí orí sábẹ́ ọkọ̀ tí jáákì nìkan gbé dúró.
7. Ẹ rọra tẹ tọ́rótù. Tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ má dúró títí ẹ máa fi dé ilẹ̀ tó le.

Tó bá di pé kí wọ́n fà yín: ojú ìfàkọ̀ tí wọ́n dè mọ́ férémù nìkan ni kí ẹ so okùn mọ́. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà láé. Bọ́ọ̀lù yẹn lè já, kó fò bí ọta ìbọn, ó sì ti pa ènìyàn rí. Ẹ má lo ṣéènì. Ẹ ju aṣọ wúwo sórí àárín okùn, kí gbogbo ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ lọ jìnnà ju gígùn okùn lọ.

## Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́dọọdún

- Ẹni tó dúró ya fọ́tò nísàlẹ̀ ibi tó já lulẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbangba ni kí ẹ ti ya fọ́tò.
- Ọmọ kékeré tí wọ́n fún ní ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó tóbi jù ú lọ, torí pé "ó máa dàgbà bá a."
- Èèyàn méjì lórí ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan.
- Ẹni tó ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ iwájú lóru láì mọ ibi tó ń lọ. Fún ìrìn àjò àkọ́kọ́, ẹ pa ọkọ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.
- Ẹni tó fi yanrìn bo ẹ̀yinná. Èyí máa ń dùn mí gan-an. Ẹ̀yinná tí wọ́n fi yanrìn bò á ṣì gbóná títí di ọjọ́ kejì, ojú ò sì ní rí i. Ọmọ tó ń sáré láìwọ bàtà ló máa tẹ̀ ẹ́. Omi ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ rò ó, kí ẹ tún da omi sí i, kí ẹ sì kó o lọ.
- Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sábẹ́ fèrèsé ibi tí wọ́n ń sùn. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó máa jí yín.

## Tí ẹ ò bá ní ọkọ̀ eré

Ẹ lè yá a. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Wọ́n ti fún mi ní bọ́gì kan rí tí ọ̀pá àsíá rẹ̀ kúrú, tí bẹ́líìtì ìjókòó ọ̀tún rẹ̀ kì í há. Orí òkè ni mo ti rí i, nígbà tó ti pẹ́. Ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ọ̀pá àsíá, ẹ wo táyà, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti họ. Ẹ béèrè ẹni tó máa wá gbé yín tó bá bàjẹ́ láàárín yanrìn, àti iye rẹ̀.

Tó bá jẹ́ jíìpù tàbí píkọ́ọ̀pù lásán lẹ ní, Oceano Dunes nítòsí Pismo Beach, ní California náà, lè bá yín mu ju Glamis lọ. Etí òkun ni, yanrìn tútù ibẹ̀ sì le lábẹ́ táyà. Ẹ wo ìgbà tí omi òkun máa kún kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì dá odò tó ń ṣàn wọ òkun níbẹ̀ kọjá nígbà tó bá ga.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lẹ ní, ẹ gbé e sójú ọ̀dà ní Gecko Road, kí ẹ rìn wọ yanrìn fẹ́sẹ̀ yín. Ẹ má tiẹ̀ dán an wò láti wà á wọ yanrìn. Owó tí wọ́n máa gbà láti fà yín jáde lè ju owó bọ́gì tí ẹ bá yá lọ.

## Kí ẹ tó lọ sílé

1. Ẹ tún fa afẹ́fẹ́ sí táyà kí ẹ tó dé ojú títì. Táyà onípsi 15 tó bá ń sáré máìlì 65 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà á gbóná, á bẹ́.
2. Ẹ gbọn yanrìn kúrò nínú fíltà, ẹ́ńjìnnì àti radiétọ̀.
3. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, ẹ fún un mọ́lẹ̀.
4. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ tírélà níbi mẹ́rin. Lẹ́yìn máìlì mẹ́wàá, ẹ dúró, ẹ tún okùn fún.
5. Ẹ sọ ọ̀pá àsíá kalẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lókè lórí tírélà, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó délé, ẹ ò sì ní rántí títí di ìgbà tí ẹ bá tún padà débẹ̀.